Ojú Tí Adéṣẹ́wà Yá Ìyá Rẹ̀

Bí wọ́n bá ti mu ẹ̀kọ tán láàárọ̀, Adéṣẹ́wà a fa ìyá rẹ̀, Mosọpẹ́ onídìrí, lọ́wọ́ lọ sídìí dígí ara ògiri. Dígí náà, tí oògùn ojú ń ti inú rẹ̀ jáde, ló ń yẹ àwọn alágbàtọ́ wò, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì wẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bọ́ iṣan ojú. Tí glọkóma, àrùn tó ń fọ́ni lójú díẹ̀díẹ̀, bá wọlé, alágbàtọ́ a dojú ìjà kọ ọmọ tó ń tọ́. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Òfin sì ni pé ojú tí alágbàtọ́ rẹ̀ bá ti yíwọ́ kò gbọdọ̀ gba oògùn mọ́.

Ti Mosọpẹ́ ti yíwọ́ láti oṣù márùn-ún. Ojú Adéṣẹ́wà ni wọ́n ń gbé síwájú dígí, kí oògùn lè máa jáde fún ìyá.

Láàárọ̀ yìí, dígí sọ̀rọ̀. “Ẹ káàárọ̀, Màmá. Àwọn alágbàtọ́ yín ti ń jẹ iṣan ojú. A ò ní fún yín lóògùn mọ́.”

“Yéè! Àṣírí ti tú,” ni Mosọpẹ́ wí. “Ta ló sọ fún wọn pé ojú rẹ là ń lò?”

“Wọn ò mọ̀, Màámi. Ojú tèmi gan-an ni wọ́n ń sọ.”

Oògùn tí ì bá gba ojú ọmọ là, ojú tó ti kú ni Mosọpẹ́ ń kán an sí. Ó na ìka tó fi ń dirun, ó ń wá ojú ọmọ rẹ̀ kiri.

“Ṣé ẹlòmíràn wà nínú ilé tó fẹ́ yẹ ojú wò?” ni dígí béèrè, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ilé náà kò ní ẹnì kẹta.