Ìwé Tí Kò Dé Ibi Tí A Rán An

Ọkùnrin kan wà tí àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: a máa gba iṣẹ́ tí kò ní í jẹ́. Kì í jalè, kì í mutí, kì í bá ará ilé jà. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti ń wá ẹni tí yóò bá òun ṣe nǹkan, òun ni yóò kọ́kọ́ nawọ́ pé, "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi." Ó fẹ́ràn kí wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Bí wọ́n bá sì ti dúpẹ́ tán, lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Fi-sílẹ̀-fún-mi nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ aránṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìsàlẹ̀ ni tábìlì rẹ̀ wà, níbi tó ti ń fi páálí wọn aṣọ kó tó gé e. Òkè ni àwọn aránṣọ wà, obìnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, wà nínú wọn. Òun ló ń lọ aṣọ tí wọ́n bá rán tán. Bí aago mẹ́jọ bá ti lù láàárọ̀, ọ̀gá á ní kí wọ́n fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn òkè láti ìta, kí ẹnikẹ́ni má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ aṣọ́nà nísàlẹ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ kan, aboyún kan dákú sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Wọ́n lu ilẹ̀kùn títí ọwọ́ wọn fi wú, aṣọ́nà ti lọ jẹun. Nígbà tí yóò fi dé, oyún ti bàjẹ́. Obìnrin tó dàgbà jù láàárín wọn, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bọ́tìnnì nítorí pé òun ló ń dá ojú bọ́tìnnì sí aṣọ, wá sọ̀rọ̀.

"Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ènìyàn ni wá, a kì í ṣe adìyẹ tí wọ́n dé mọ́ abẹ́ agbọ̀n. Òfin ò fàyè gbà á. Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé."

"Wọn á lé wa dànù, Ìyá."

"Ẹnìkan ni wọ́n lè lé. Bí wọ́n bá lé gbogbo wa, ta ni yóò ránṣọ? Ọ̀gá? Ẹni tí kò mọ ojú abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ẹnu rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ ọ́. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Àbúrò agéṣọ kò mọ̀wé, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i.

Ó ku ẹni tí yóò mú un lọ. Aago mẹ́rin ni ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ń palẹ̀ mọ́. Agéṣọ nìkan ló sì ń jáde lọ́sàn-án, ní gbogbo Ọjọ́rú, láti lọ kó aṣọ wá. Iwájú ọ́fíìsì náà gan-an ló ń gbà kọjá.

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi," ló wí.

Ó débẹ̀ lóòótọ́. Akọ̀wé ṣí ìwé ńlá kan síwájú rẹ̀. "Ẹ kọ orúkọ yín síbí, ẹ̀yin tí ẹ mú un wá." Gègé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó rántí ojú ọ̀gá. Ó ní òun gbàgbé nǹkan sílé, òun ń bọ̀. Ó padà síbi iṣẹ́, ó ki ìwé náà sáàárín àwọn páálí rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, àbúrò rẹ̀ bi í, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n gbà á?"

"Wọ́n gbà á. Wọ́n tilẹ̀ fún mi ní àga."

Ọmọbìnrin náà yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ ò rí i? Mo ní ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹlẹ́nu lásán."

Ní Ọjọ́rú kejì, ó kọjá níwájú ọ́fíìsì náà bí ẹni tí kò mọ ibẹ̀ rí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ìyá Bọ́tìnnì ní, "Màá ní ara mi ò yá lọ́la, kí n lè lọ bi wọ́n fúnra mi."

"Ìyá, ìjọba kì í kánjú. Bí ẹ bá ń yọ wọ́n lẹ́nu, ẹ̀yìn ni wọ́n máa tì í sí. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ìyá Bọ́tìnnì gbà á gbọ́, ó sì jókòó. Ká ní ọkùnrin yìí ti kọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ẹlòmíràn ì bá ti jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ní Ọjọ́rú karùn-ún, wáyà áyọ́ọ̀nù ta iná sára àgékù aṣọ. Agéṣọ ń bọ̀ pẹ̀lú aṣọ ní èjìká nígbà tó rí èéfín. Aṣọ́nà ti dààmú, kò rí kọ́kọ́rọ́ tó yẹ yọ láàárín mẹ́wàá. Agéṣọ gbé òkúta, ó sáré gòkè, ó ń lu àgádágodo náà. Ó ń gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ ní òdìkejì pátákó. Nígbà tó yá, kò gbọ́ ọ mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀kùn máa fi ṣí, òkú mẹ́sàn-án ni wọ́n gbé jáde. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gan-an ni ti àbúrò rẹ̀ wà.

Níbi ìwádìí, ọ̀gá ọ́fíìsì ìjọba náà ní, "Ọjọ́ méje péré lòfin fún wa láti wá, bí ìwé kan bá ti dé ọ̀dọ̀ wa. Kí ló dé tí ẹ ò fọhùn?"

Ìyá Bọ́tìnnì dìde, báńdéèjì wà lápá rẹ̀ méjèèjì. "A fọhùn, ọ̀gá. Ó wà lọ́dọ̀ yín."

Wọ́n yẹ ìwé ńlá náà wò. Kò sí níbẹ̀. Ìyá Bọ́tìnnì rọra yíjú sí agéṣọ.

"Fi-sílẹ̀-fún-mi, ta lo fún?"

Wọ́n lọ tú tábìlì rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí iná kò dé. Ìwé náà wà láàárín páálí, ó mọ́ tónítóní, pẹ̀lú orúkọ ọgbọ̀n àti ìtẹ̀ka kan. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.

Adájọ́ rán ọ̀gá lọ sẹ́wọ̀n. Kò sí òfin tó mú agéṣọ. Ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, arúgbó tí kò lè nàró dáadáa mọ́. Ní àárọ̀ kan, ó rí i tó ń wọ́ garawa omi bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó sáré nawọ́ sí i.

"Màámi, ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ìyá náà kò wo ojú rẹ̀. "Rárá. Màá gbé e fúnra mi."

Láti ọjọ́ náà títí ìyá fi kú, kò gbé nǹkan kan lé e lọ́wọ́ mọ́.

Ẹ̀kọ́ tó yẹ kí a mú níbẹ̀ ni pé jíjà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kì í ṣe iṣẹ́ àwọn ẹni ńlá nìkan. Ká fi orúkọ wa sí ìwé ẹni tí wọ́n ń jẹ níyà, ká gbé ìwé náà dé ibi tí a rán an, ká tún padà lọ béèrè bí èsì bá pẹ́: kò sí èyí tó ju agbára wa lọ níbẹ̀. Bí ẹ̀rù bá sì ń bà ọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Sọ ọ́ síta, kí ẹlòmíràn lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó kọ iṣẹ́ sàn ju ẹni tó gbà á tó sì jókòó lé e, nítorí pé ẹni tó jókòó lé e ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń retí.