Ìbọn Tó Ga Ju Sàká Lọ

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ má fi í sílẹ̀ láàárín. Mìsítúrà, ìyàwó Sàká, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi ní ilé ìdáná mi ní Peckham, ní Sátidé kejì lẹ́yìn Iléyá ọdún 2025, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ bí yóò ṣe parí. Ó ní kí n kọ ọ́ kó lè dé ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn.

1.
Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Sàká, ọmọ ọdẹ láti Ìgbòho. Ọdọọdún ló máa ń bá àwọn ará mọ́ṣáláṣí ra àgbò Iléyá lọ́wọ́ àgbẹ̀ òyìnbó kan ní Kent. Lọ́jọ́ kan, àgbẹ̀ náà fi òkú ọmọ àgùntàn hàn án. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló pa á.

"Ṣebí o ní ọmọ ọdẹ ni ọ́? Gba ìwé àṣẹ ìbọn, kí o wá bá mi pa wọ́n."

Inú Sàká dùn bí ẹni jẹ oyè. Ó gba ìwé àṣẹ. Ó kan àpótí irin mọ́ ògiri yàrá, ọlọ́pàá wá wò ó, wọ́n ní ó dára.

2.
Ìyá òyìnbó kan ló ń ta ìbọn níbi tí Sàká lọ. Ó gbé ìbọn olójú méjì kan lé e léjìká, ó wo apá rẹ̀, ó wo ọrùn rẹ̀.

"Eléyìí bá ọ mu. Ẹ̀bá igbó tóóró ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti ń yọ. Ìbọn tí o lè tètè yí ni kí o mú."

Ṣùgbọ́n ènìyàn kúkúrú ni Sàká, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán òun létí. Ó na ìka sí èyí tó gùn jù lára ògiri.

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn wà fún ẹyẹ tó ń fò lókè réré. Yóò yọ ọ́ lẹ́nu."

"Madam, ìbọn gígùn ni bàbá mi fi pa ẹfọ̀n."

Ìyá náà mi orí. Ó ní bí kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kó gbé e padà wá, òun yóò pààrọ̀ rẹ̀. Sàká ra èyí tó gùn. Lọ́jọ́ náà gan-an ló dúró tì í ya fótò, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìgbòho. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lórí fóònù: "Akọ ọdẹ! Erin ni ìbọn yìí máa pa o!"

3.
Sherifdeen ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a lọ sí oko lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo ìgbà tí Sàká bá fẹ́ yí ìbọn, ẹnu ìbọn á há sínú ẹ̀ka igi. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan rìn kọjá níwájú wọn bí ẹni ń lọ ra búrẹ́dì. Sherifdeen rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Sàká, ìwọ lo gbé ìbọn wá ni, àbí ìbọn ló gbé ẹ wá?"

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ròyìn fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n sọ Sàká ní Ọ̀pá-ju-ọdẹ-lọ.

"Bàbá Rahmah," Mìsítúrà wí, "ẹ dá a padà. Ìyá yẹn kúkú ní òun máa pààrọ̀ rẹ̀."

"Kí n wá ya fótò ìbọn kúkúrú ránṣẹ́ sílé? Èmi kọ́."

4.
Ní Ìgbòho, bí ìbọn bá gùn jù, alágbẹ̀dẹ lọdẹ ń gbé e lọ. Wọ́n á gé e, ó parí. Èyí ni Sàká rántí. Ó gbé e lọ bá Wándé, wẹ́dà tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ní Old Kent Road.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé òfin ò ka eléyìí léèwọ̀?"

"Ṣé ìbọn tìẹ ni? Ìwé àṣẹ mi rèé. Gé e jàre."

Wándé gé e. Ìbọn fúyẹ́. Sàká gbé e dé oko tẹ̀ríntẹ̀rín. Àgbẹ̀ náà rí ẹnu ìbọn, ó sì fi ẹ̀yìn rìn.

"Sàká, ìbọn olè nìyẹn! Ẹ̀wọ̀n ni gígé ẹnu ìbọn kúrú tó báyìí nílẹ̀ yìí. Gbé e kúrò lórí ilẹ̀ mi, má sì padà wá."

5.
Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ọ̀nà wo ló kù? Bó bá tà á, ẹni tó fẹ́ rà á yóò rí i. Bó bá jù ú nù, nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, wọ́n á béèrè rẹ̀. Wándé kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Sàká tì í mọ́ àpótí, ó yí bẹ́ẹ̀dì dí i. Orí ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń kọ sí i sùn.

"Ẹ wá lọ́yà," Mìsítúrà wí. "Ẹ pe ọlọ́pàá fúnra yín, kí wọ́n wá gbé e. Ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀."

"Iṣẹ́ bọ́ọ̀sì mi ńkọ́? Ìwé ìgbélùú mi ńkọ́?"

"Bí wọ́n bá wá fúnra wọn ńkọ́?"

Láti ọjọ́ náà, àlejò kò wọlé wọn mọ́. Rahmah ọmọ wọn kò lè mú ọ̀rẹ́ wálé. Nínú Ramadan, ẹnu ọ̀nà ni Mìsítúrà ti ń gba oúnjẹ ìṣínu lọ́wọ́ aládùúgbò, á ti ilẹ̀kùn kíá. Bí aago ẹnu ọ̀nà bá dún, wọn kì í mí.

Nínú oṣù karùn-ún, ọlọ́pàá pè pé àwọn ń bọ̀ wá yẹ ìbọn wò. Mìsítúrà kúnlẹ̀.

"Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó dé. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Bóyá wọn ò ní wọ̀n ọ́n."

Wọ́n wọ̀n ọ́n.

"Láti ìgbà wo ló ti rí báyìí?" ọlọ́pàá bi í.

"Láti ìgbà òtútù."

"O ò sì pè wá?"

6.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀. Ẹ má fi ojú àwọn tó wà nílé yan ohun tí ẹ̀yin fẹ́ lò níhìn-ín. Bí ẹ bá yàn án ṣì, ẹ dá a padà, ẹ̀sín kì í pani. Ẹ béèrè òfin kí ẹ tó fi àṣà ilé ṣe é. Bí ẹ bá sì ti ṣe é tán, ẹ tètè jẹ́wọ́, nítorí ohun tí a fi pamọ́ sínú yàrá, àwa náà là ń tì mọ́ ibẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 2025, ni adájọ́ rán Sàká lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì.