Ilé Tí Kò Ní Táyà

Òrùlé ilé Mummy ní Peckham ń jò, a sì fẹ́ kí bánkì yá wa lówó láti fi tún un ṣe.

Surveyor tí bánkì rán wá yẹ ilé wò sọ pé factory ni wọ́n ti kọ́ ilé náà, lọ́rì ló gbé e wá, torí náà mobile home ni, ilé alágbèéká, kò níye lórí tí bánkì fi lè yá wa lówó.

"Mobile báwo?" ni mo wí. "Ṣé ẹ rí táyà nídìí ẹ̀ ni? Ó ní foundation nínú ilẹ̀!"

"Ó dáa. Ẹ gbẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, níbi tí kò sí kọnkéré, kí n rí foundation ọ̀hún."

Mo gbé ṣọ́bìrì.

Ni Mummy bá jókòó síbẹ̀, nínú ẹrẹ̀.

"Yusrah, fi í sílẹ̀. Jẹ́ kó máa jò."

"Mummy, ẹ dìde jàre! Èmi àkọ́bí yín ni mò ń bẹ̀ yín."

"Ìwọ kọ́ ni àkọ́bí mi."

Mo lóṣòó síwájú ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ò sunkún nígbà tí mo bí i. Ọsibítù ló sin ín, wọn ò fi ibẹ̀ hàn mí. Okùn ìwọ́ ẹ̀ nìkan ni mo rí gbé wálé. Abẹ́ ibi tí mo jókòó sí yìí ló wà."

Surveyor ń wo aago. "Ṣé ẹ máa gbẹ́ ẹ?"

Mo ju ṣọ́bìrì sílẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ pé mobile home ni. Ẹ kọ ọ́ pé ilé yìí ṣeé gbé kúrò níbí. Mummy ni kò ṣeé gbé."