Ìdáhùn Tí Gbọ́láhàn Há Sórí

Mo kí gbogbo ẹ̀yin òǹkàwé pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà ní ìjókòó àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà ní ìdúró. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní Agége. N kò ní bù mọ́ ọn, n kò sì ní bù kúrò nínú rẹ̀.

Gbọ́láhàn ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Ìlúpéjú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ ọ̀dà wò kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú agolo. Ó fẹ́ fẹ́ Praise, ọmọ àwọn tí ó ń ṣe búrẹ́dì ní Agége. Àwọn ìyá wọn méjèèjì ni ó kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà lábàá. Wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n sì ti ń pe ara wọn ní àna. Ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ìjọ Praise nìkan ni ó kù. Ìjọ náà kì í fa ọmọbìnrin wọn fún ará ìjọ mìíràn láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ dán ọkọ náà wò lórí ẹ̀kọ́ wọn. Bí ó bá kùnà, kò sí ìgbéyàwó. Ìbéèrè tí wọn kì í fò ni ti orí kìn-ín-ní ìwé Gẹ́nẹ́sísì.

Praise gbà láti kọ́ ọ, nítorí inú ìjọ náà ni wọ́n bí i sí. Ilé ìtajà ńlá tí ó wà ní Maryland ni wọ́n ti ń pàdé. Praise ni ó yan ibẹ̀. Ó ní àwọn ará ìjọ kì í sábà dé ibẹ̀.

"Ọjọ́ mélòó ni Ọlọ́run fi dá ayé?" ni Praise bi í.

"Mẹ́fà."

"Irú ọjọ́ wo?"

Gbọ́láhàn rẹ́rìn-ín. "Ká sọ tòótọ́, èmi ò rò pé irú ọjọ́ tiwa yìí ni. Ọjọ́ kẹrin ni Ó tó dá oòrùn. Ta ló wá mọ ìgbà tí ti àkọ́kọ́ ṣú? Ṣebí Bíbélì ló ní ẹgbẹ̀rún ọdún dà bí ọjọ́ kan lójú Olúwa."

Praise gbé ìgò ohun mímu tútù rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa wí níwájú wọn?"

"Ṣé kò dáa ni?"

"Bọ̀dá Gbọ́láhàn, ẹ sọ pé ọjọ́ oníwákàtí mẹ́rìnlélógún ni. Àṣálẹ́ àti òwúrọ̀. Ẹ má fi nǹkan kan kún un."

"Tí mo bá kọ́kọ́ lọ kí Alàgbà Ẹkúndayọ̀ ńkọ́? Ṣebí àwọn ni olórí ìgbìmọ̀."

"Ẹ má lọ kí ẹnikẹ́ni. Wọn ò fẹ́ kí ẹni tí wọ́n máa dán wò máa ṣèwádìí kiri." Ó fi ìka nu omi tí ó wà lára ìgò rẹ̀. "Ohun tí ìgbìmọ̀ bá ti sọ, abẹ ti gé e. Àwọn òbí mi gan-an ò lè yí i padà."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

"Mo mọ̀," ni Praise wí.

Gbọ́láhàn há a sórí. Ó ń sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n bí ó ti ń ro ọ̀dà. Nùréènì, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, gbọ́ ọ.

"Wòlíì ọlọ́dà! Ìyàwó kan ṣoṣo, ìdánwò bíi ti yunifásítì. Lọ́dọ̀ tiwa, bí bàbá ọmọ bá ti gbà, yìgì yá nìyẹn."

"Ìwọ ṣáà gbàdúà fún mi."

"Mo ti gbà á. Ṣùgbọ́n ṣé o gba ohun tí ò ń há sórí yẹn gbọ́?"

"Praise ni mo fẹ́ fẹ́," ni Gbọ́láhàn dáhùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó jókòó síwájú ìgbìmọ̀ nínú yàrá tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Praise àti ìyá rẹ̀ wà lórí àga gbọọrọ níta. Nígbà tí ìbéèrè náà dé, Gbọ́láhàn dáhùn láìkọsẹ̀.

Alàgbà Ẹkúndayọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Fara balẹ̀, ọmọ mi. Ṣé ohun tí o gbà gbọ́ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Oòrùn tí kò sí títí di ọjọ́ kẹrin ńkọ́?"

"Àṣálẹ́ àti òwúrọ̀ ni, sà."

"Kò sí ọ̀nà mìíràn tí o lè gbà kà á?"

Gbọ́láhàn rò pé wọ́n ń dẹ òun wò. "Kò sí, sà."

Ìyá Ìjọ, tí òun náà wà nínú ìgbìmọ̀, mí kanlẹ̀. Wọ́n ní kí ó bọ́ síta. Kò pẹ́ tí Alàgbà fi jáde wá. Ó ní ìgbìmọ̀ kò lè fọwọ́ sí i, nítorí ẹ̀kọ́ wọn kò ṣọ̀kan. Gbọ́láhàn kò bèèrè nǹkan kan. Ohun tí ó rò ni pé wọ́n ti rí i lójú òun pé irọ́ ni òun pa.

Ìyá Praise bú sẹ́kún. Praise kò sunkún. Ó bọ́ òrùka àdéhùn ìgbéyàwó wọn, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Gbọ́láhàn, ó sì pa ọwọ́ náà dé.

"Ẹ má bínú. Gbogbo ohun tí a lè ṣe la ti ṣe."

Ní ọjọ́ Ajé, Gbọ́láhàn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó yẹ ọ̀dà funfun wò, ó yẹ ọ̀dà pupa wò. Nùréènì kò bá a ṣàwàdà.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, Praise dúró síwájú àwọn ọmọdé tí ó ti ń kọ́ ní ìjọ náà láti ọjọ́ pípẹ́, ó bi wọ́n pé irú ọjọ́ wo ni Ọlọ́run fi dá ayé, gbogbo wọn sì fi ohùn kan dáhùn bí ó ti kọ́ wọn: "Kì í ṣe ọjọ́ oníwákàtí mẹ́rìnlélógún! Ẹgbẹ̀rún ọdún bí ọjọ́ kan ni lójú Olúwa!" Gbọ́láhàn kò tíì mọ̀, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn bóyá ó yẹ kí ẹnìkan sọ fún un.