Ìrànwọ́ Ọmọ Òrukàn

Ọ̀kadà kan ṣoṣo ló gbé Ràmọ́tà àti Ikhlas, ọmọ ọmọ rẹ̀, láti Ìjẹ̀bú-Imusin wá sí yunifásítì ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ náà wà láàárín, ó gbórí ti ẹ̀yìn ọlọ́kadà, oorun ń gbé e lọ. Ìyá àgbà wà lẹ́yìn, ó di fáìlì mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí kò bá sanwó ilé-ẹ̀kọ́ kò ní wọlé ìdánwò, Ikhlas kò sì tíì san nǹkan kan. Ibi gbogbo tí wọ́n ti tọrọ ìrànwọ́ ni wọ́n ti dá wọn padà. Ó wá ku èyí tí yunifásítì ń fún ọmọ òrukàn, tí kò ní ìyá, tí kò ní bàbá. Ìyá Ikhlas ti kú láti ìgbà tó ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.

"Dúró dè wá o," ni Ràmọ́tà wí.

"Mo wà níbí, Ìyá," ni ọlọ́kadà dáhùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, níbi tí òòrùn kò dé.

Ìyáàfin Mọ́ṣádé ló ń bójú tó ìrànwọ́ náà, ọlọ́yàyà èèyàn sì ni.

"Ìyá, ẹ jókòó sábẹ́ fáànù. Àwa ọmọdé la lè fara da ooru." Ó yẹ fáìlì wò. "Mo ti rí ìwé ẹ̀rí ikú ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ńkọ́, mà?"

"Kò sí mọ́."

"Ṣé ó rìnrìn àjò ni, àbí ó kú?"

"Kò sí mọ́, ọmọ mi."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹbí gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ dárúkọ rẹ̀ sí i."

Ràmọ́tà wo ilẹ̀. Ẹnu yẹn ló fi ń ṣàdúà fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní gbogbo àárọ̀, láti ọjọ́ tó ti bí i.

"Abdulrauf, ọmọ mi, ti kú."

Ó pe Ọlọ́run lábẹ́ ètè, ó fi etí ìbòrí nu ẹnu, ó tún un nù.

Ìyáàfin Mọ́ṣádé bu omi tútù fún un, ó yíjú sí Ikhlas. "Ṣé o rántí dádì rẹ dáadáa?"

"Òun ló ń di irun mi, mà, lẹ́yìn tí màmá mi kú. Kò mọ̀ ọ́n dì. Àwọn ọmọ kíláàsì mi á ní mo dà bí eégún Agẹmọ." Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tó fi bú sẹ́kún. Ìyá àgbà wò ó tìyanutìyanu. Ọlọ́kadà kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń wo igi tó wà níta.

"Ó ku ẹlẹ́rìí kan tó mọ olóògbé, tí kì í ṣe ẹbí," ni Ìyáàfin Mọ́ṣádé wí. "Ẹni tó gbé yín wá yẹn ńkọ́? Ṣé ará Imusin ni?"

Ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

"Ará ibẹ̀ ni," ni Ràmọ́tà fèsì níkẹyìn.

Wọ́n pè é wọlé. Ó ṣí fìlà.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ mọ Abdulrauf, bàbá ọmọ yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Irú èèyàn wo ni?"

"Ó ṣiṣẹ́, mà. Kò tó."

"Ẹ má bú òkú o," ni Ìyáàfin Mọ́ṣádé wí. "Ṣebí ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀?"

"Ìyẹn, kò sí iyèméjì ńbẹ̀."

Ọlọ́kadà kọ orúkọ kan, ó fọwọ́ sí i. Ìyáàfin Mọ́ṣádé lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó ní Ikhlas á ṣe ìdánwò rẹ̀. Ó sìn wọ́n dé ìdí ọ̀kadà, ó di ìyá àgbà mú títí tó fi gùn ún.

"Kí Ọlọ́run tẹ́ Abdulrauf sí afẹ́fẹ́ rere," ló wí.

"Àmín," ni ọlọ́kadà dáhùn, ó ṣáná sí ọ̀kadà, ó sì gbé ìyá tó bí i àti ọmọ tó bí lọ sílé.