Itọ́ Olu ní Àtẹ́lẹsẹ̀

Láràárọ̀, lẹ́nu ọ̀nà oko tòmátì wa, èmi ni mo ń fi bébà àyẹ̀wò nu àtẹ́lẹsẹ̀ gbogbo ará ilé. Bébà náà á pọ́n bí ó bá kan itọ́ tí olu inú ilẹ̀ ń tu sí gbòǹgbò, èyí tó ń kun tòmátì lóorun títí ewé rẹ̀ yóò fi rọ. Màmá Àgbà nìkan ni mo máa ń fò. Ta ni èmi tí n ó ní kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ sókè?

Lónìí, Màmá Àgbà fúnra wọn na ẹsẹ̀ sí mi. “Àyọ̀ká, àbí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ni tèmi?”

Bébà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

“Oko Látúndé aládùúgbò wa tí ìjọba dáná sun nítorí olu yìí ńkọ́?” ni Màmá Àgbà bi mí jẹ́jẹ́. “Ṣebí èmi ni mo ń yà kí i láràárọ̀.”

Ẹsẹ̀ wọn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rù sì ń bà mí láti gbé e sílẹ̀.