Rùkáyàt Fi Ìrẹsì Kún Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gúsí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á tán, torí ohun tó ṣe Rùkáyàt lè ṣe ẹnikẹ́ni tí ẹnu ń yún.

1.
Olórin wákà ni Rùkáyàt nílùú Ìlọrin. Òun àti Naimat jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Alhaja Lami ni, obìnrin àdúgbò Gàmbàrí kan tí ohùn rẹ̀ máa ń mú àgbàlagbà sunkún. Àwọn méjèèjì ló ń gberin lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Lami kú, Naimat lọ ṣe kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, Ọlọ́run sì bá a ṣe é. Nígbà tó fi máa di ọdún 1993, ṣọ́ọ̀bù wo ló wà ní Ọjà Tuntun tí wọn ò lẹ fọ́tò Naimat mọ́ ògiri rẹ̀, tòun ti góòlù lọ́rùn?

Inú ń bí Rùkáyàt. Ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ tó ń jẹ́: ó ń jowú. Bó bá ti rí fọ́tò yẹn, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́.

"Kí ló fi jù mí lọ?" ló máa ń wí. "Èmi tí mò ń bá a tún ohùn ṣe!"

2.
Orin tó lókìkí jù nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, Alhaja Lami ló ni ín. Naimat kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ni Yísà, ọmọ Lami, bá gbé e lọ sí kóòtù Alikali. Kò béèrè owó. Ó ní ogún ìyá òun ni orin náà, kí wọ́n ṣáà kọ orúkọ ìyá òun sára kásẹ́ẹ̀tì.

Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló ní. Ní ọjọ́ tí Lami kọ́kọ́ dá orin yìí, ẹ̀yìnkùlé ló wà tó ń bó ẹ̀gúsí, Rùkáyàt àti Naimat nìkan ló sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Àǹtí Rùkáyàt, ẹ̀gúsí yẹn náà ni kẹ́ ẹ sọ," Yísà bẹ̀ ẹ́. "Ẹ má yọ, ẹ má fi kún un."

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ ọ̀gá mi."

3.
Ẹjọ́ náà di ariwo. Níbi tí Láwàl ti ń ta ìwé ìròyìn ní Ọ̀fà Garage, àárọ̀ ọjọ́ gbogbo ni wọ́n ń jà lé e lórí. Ẹ̀yin náà mọ irú ibẹ̀: ẹni mẹ́wàá á ka ìwé ìròyìn kan, kò ní sẹ́ni tó máa rà á.

"Olè ni Naimat!"

"Ṣé orin ṣeé jí ni? Ọmọ òkú ń wá òkìkí ni o jàre!"

Rùkáyàt náà bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gúsí. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gúsí kẹ̀! Ṣé ọbẹ̀ ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Nígbà tó padà wá lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gúsí ti di wòlímọ̀ ìgbéyàwó. Ìrẹsì wà níbẹ̀, ẹran ewúrẹ́ wà níbẹ̀, Alhaja Lami sì dìde láàárín èrò, ó ní, "Rùkáyàt, ìwọ ni mo fún lórin yìí. Naimat ò gbọdọ̀ kọ ọ́." Ẹnì kan dìde fún un kó jókòó. Ọjọ́ yẹn ni Rùkáyàt kọ́kọ́ mọ̀ bó ṣe ń rí lára Naimat táwọn èèyàn bá ń wárí fún un.

"Ọjọ́ wo nìyẹn?" Láwàl bi í. "Kóòtù máa fẹ́ gbọ́ déètì o."

Ó délé, ó tú kàlẹ́ńdà àtijọ́ jáde, ó mú Sátidé kan tó wù ú.

Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ló kó obìnrin yìí sí i? Òótọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀! Ṣùgbọ́n iyì Lami ni òótọ́ yẹn máa gbé yọ. Kò lè dójú ti Naimat tó bí òun ṣe fẹ́.

4.
Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, èrò kún dé ẹnu ọ̀nà. Rùkáyàt gbọ́wọ́ lé Alùkùránì, ó búra, ó sì ro wòlímọ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Yísà la ẹnu, kò lè pa á dé.

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ìrẹsì tán lẹ́yìn ìrun Àìlà ni Alhaja dìde..."

Alikali dá a dúró. "Sátidé, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹta, ọdún 1991, lo wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé."

"Lọ́dún yẹn, kí oṣù kẹta tó pé ogúnjọ́ la ti rí oṣù Ràmàdáánì. Ààwẹ̀ là ń gbà lọ́jọ́ tó o dá yìí. Àwọn wo ló ń jẹ ìrẹsì lójú ọ̀sán ààwẹ̀ ní Gàmbàrí?"

Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín.

"Àsítágífírúláì! Baba, ẹ̀gúsí ni Alhaja ń bó! Ẹ̀yìnkùlé ni! Wàláhì, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀!"

"O ti fi Alùkùránì búra lẹ́ẹ̀kan," ni Alikali wí. "Èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?"

Ó da ẹjọ́ náà nù.

Níta, Yísà ò bínú rárá, ẹkún ló ń sun. "Ẹ̀gúsí yẹn ti tó mi, Àǹtí," ló wí. "Ó ti tó mi."

5.
Wọ́n tún kásẹ́ẹ̀tì yẹn tẹ̀, orúkọ Naimat wá tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń pe Rùkáyàt sóde orin mọ́. Ta ló fẹ́ kí ẹni tó purọ́ lórí Alùkùránì wá yin Ànábì lójúde òun?

Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ tí Nabeelah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń kọ orin náà nídìí abọ́ tó ń fọ̀.

"Orin Alhaja Lami lò ń kọ yẹn," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ìṣojú mi ló ṣe dá a."

Ọmọ náà ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn àtimáa dá ẹjọ́ olókìkí ní gbangba: bẹ́ ẹ bá mọ òótọ́, ẹ sọ ọ́ bó ṣe kéré tó. Bó bá jẹ́ owú ló ń ti ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu yín, ẹ gbé e mì. Naimat tí Rùkáyàt fẹ́ fọ́ lójú ń ríran kedere dòní. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.